Mísifáyà Tó Ń Lọ Tó Ń Bọ̀: Ẹ Jẹ́ Kí A Mọ Ìdí Rẹ̀ Kí Kúẹ́rì Tó Dé

Ọ̀rọ̀ tí aṣojú òṣìṣẹ́ bá àwọn awakọ̀ àti àwọn mekáníìkì ẹ̀ka wa sọ ní ìpàdé tí a ṣe ní Ìlàjẹ, Bàrígà

Mo rí i pé àwọn ọ̀dọ́ mekáníìkì wa láti Ṣómólú náà wà láàárín wa, ẹ káàbọ̀. Mo mọ̀ pé púpọ̀ nínú yín ló ti ibi iṣẹ́ wá tààrà, tí ẹ kò tíì délé jẹun, nítorí náà n kò ní fa ọ̀rọ̀ yìí gùn ju bó ti yẹ lọ.

Ohun tí ìgbìmọ̀ ní kí n sọ̀rọ̀ lé lórí ni àìsàn ẹ́ńjìnnì kan tó ti kó wàhálà bá àwọn awakọ̀ wa, pàápàá jù lọ àwọn tó ń wa pikọ́ọ̀pù alágbára bíi Hilux V6. Gbogbo yín lẹ mọ̀ ọ́n. Mọ́tò á máa lọ dáadáa, lójijì ẹ́ńjìnnì á já lẹ́ẹ̀mejì lẹ́ẹ̀mẹta, á gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe, agbára á lọ lára rẹ̀, lẹ́yìn náà á tún padà sípò bí ẹni pé kò sí nǹkan tó ṣe é. Bí ẹ bá gbé e dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù, á dákẹ́ jẹ́ẹ́. Mekáníìkì á ní òun kò rí nǹkan kan. Ọ̀gá ọkọ̀ á máa wo awakọ̀ bí òpùrọ́. Àwọn àgbà ní àbíkú sọ olóògùn dèké. Irú mọ́tò báyìí ń sọ mekáníìkì dèké, ó sì tún ń sọ awakọ̀ di olè.

Ọ̀rọ̀ tí mo ní láti sọ nípa rẹ̀ kò ju ẹyọ kan lọ. Àìsàn tó bá ń lọ tó ń bọ̀ ní àkókò tirẹ̀ tó fi ń bọ̀, ẹni tó bá sì kọ àkókò náà sílẹ̀ ni yóò rí i mú. Ẹni náà kì í ṣe mekáníìkì, kì í sì í ṣe máníjà. Awakọ̀ ni, nítorí òun nìkan ló wà níbẹ̀ nígbà tó ṣẹlẹ̀.

Ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ mọ ohun tí à ń pè ní mísifáyà. Ẹ́ńjìnnì Hilux V6 tí mo ń wí yìí jẹ́ lítà 4, ó ní sílíńdà mẹ́fà: 1, 3 àti 5 wà lápá kan, 2, 4 àti 6 wà lápá kejì. Sílíńdà kọ̀ọ̀kan ní púlọ́ọ̀gì tirẹ̀, ó sì ní kọ́ìlì tirẹ̀ tó jókòó lé púlọ́ọ̀gì náà lórí. Kí iná tó lè ràn nínú sílíńdà, epo gbọ́dọ̀ wọlé ní ìwọ̀n, afẹ́fẹ́ gbọ́dọ̀ wọlé ní ìwọ̀n, písítìnì gbọ́dọ̀ fún àwọn méjèèjì pọ̀ dáadáa, púlọ́ọ̀gì sì gbọ́dọ̀ taná ní àkókò tó yẹ gan-an. Bí ọ̀kan nínú wọn bá yẹ̀, sílíńdà náà kò ní ṣiṣẹ́ nígbà náà, àwọn márùn-ún yòókù ni yóò sì máa fà á lọ bí ẹni ń fa ọ̀lẹ lọ sóko. Òun ni mísifáyà.

Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yí ní ìgbà 3,000 ní ìṣẹ́jú kan, ìgbà 1,500 ni sílíńdà kọ̀ọ̀kan ń taná, nítorí pé ìyípo méjì ló ń mú iná kan wá. Èyí jẹ́ ìgbà 25 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan. Ẹ fi sílíńdà mẹ́fà sọ ọ́ di púpọ̀, ó di 150. (Irú ìṣirò yìí ni wọ́n fi ń dá wa lágara ní ilé-ẹ̀kọ́ alẹ́, ó sì ti wúlò lónìí.) Nínú 150 yìí, bí mẹ́ta tàbí mẹ́rin péré bá kọ̀, ìdí yín lórí ìjókòó yóò ti mọ̀ ọ́n kí etí yín tó gbọ́.

Láyé Peugeot 504, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tò ní Kàdúná ní ọdún 1975, kọ́ìlì kan ṣoṣo ló ń bọ́ sílíńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin. Ọ̀gá mekáníìkì á fi sáńpépà ha pọ́ìntì, á ya páálí sìgá díẹ̀ fi wọn àlàfo rẹ̀, mọ́tò á sì lọ. N kò bú àwọn àgbà wọ̀nyẹn, nítorí etí wọn mú ju ẹ̀rọ lọ. Ṣùgbọ́n páálí sìgá kò ní iṣẹ́ tó lè ṣe lára kọ́ìlì mẹ́fà tí kọ̀ǹpútà ń darí.

Ó wá kan ìbéèrè tó ṣe pàtàkì: ìgbà wo ló ń ṣe é?

Bó bá jẹ́ ìgbà tí ẹrù wúwo tí ẹ sì tẹ tọ́tù láti gun afárá, ẹ kọ́kọ́ fura sí kọ́ìlì àti púlọ́ọ̀gì. Ìdí rẹ̀ ni pé nígbà náà afẹ́fẹ́ púpọ̀ ló ń wọ sílíńdà, ìfúnpọ̀ inú rẹ̀ ga, iná sì ṣòro láti fo àlàfo púlọ́ọ̀gì nínú ìfúnpọ̀ gíga bẹ́ẹ̀. Kọ́ìlì tó ti rẹ̀ á kọ̀ níbẹ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì lè ṣe dáadáa nígbà tí mọ́tò bá dúró lójú kan. Àlàfo púlọ́ọ̀gì tó bá fẹ̀ jù á ṣe bákan náà. Púlọ́ọ̀gì NGK tàbí Denso tí nọ́ńbà rẹ̀ parí sí 11, mílímítà 1.1 ni àlàfo rẹ̀. Ẹ fi irin ìwọ̀n wọ̀n ọ́n, ẹ má fi ojú wọ̀n ọ́n, kí ẹ sì ṣọ́ra fún ayédèrú, tí páálí rẹ̀ máa ń dán ju ti ojúlówó lọ nígbà mìíràn.

Bó bá jẹ́ nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ló ń gbọ̀n, tó sì ń dára bí mọ́tò bá ti sáré, ẹ wá rọ́bà tó ya tí afẹ́fẹ́ ń gbà yọ́ wọlé. Afẹ́fẹ́ díẹ̀ tó yọ́ wọlé yìí pọ̀ fún ẹ́ńjìnnì tó ń mí jẹ́ẹ́, ṣùgbọ́n kò jẹ́ nǹkan kan fún èyí tó ń sáré. Bó bá jẹ́ pé kò sí ìgbà tí kò ṣe é, òtútù tàbí ooru, ẹrù tàbí òfìfo, ìyẹn kì í ṣe àbíkú mọ́. Ẹ wọn ìfúnpọ̀ sílíńdà, bóyá fáàfù ti jóná.

Ooru tún ń bẹ. Wáyà tó tín-ín-rín bí irun ni wọ́n ká sínú kọ́ìlì. Bó bá gbóná á fẹ̀, ibi tó ti sán lára rẹ̀ á ṣí sílẹ̀. Bó bá tutù, á tún pa dé. Irú kọ́ìlì bẹ́ẹ̀ lè lọ láti Bàrígà dé ìdajì ọ̀nà kí ó tó yọ awakọ̀ lẹ́nu. Ẹ gbé e dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù lẹ́yìn tó ti tutù, ẹ kò ní rí nǹkan kan.

Ní ti omi, ta ló fẹ́ kọ́ ará Ìlàjẹ? Ọ̀sà wà lẹ́yìnkùlé wa, òjò díẹ̀, àgbàrá ti gba ojú ọ̀nà. Afẹ́fẹ́ tó ń ti orí omi wá ń jẹ irin, ó ń mú kí orí wáyà hu ìpẹtà àwọ̀ ewé. Ṣùgbọ́n àwọn ọmọ tí ń fọ mọ́tò tún burú ju òjò lọ. Wọn á ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, wọn á gbé ẹ̀rọ omi lé ẹ́ńjìnnì lórí. Omi á ṣẹ́ sínú ihò púlọ́ọ̀gì, iná á sì gba ara omi kọjá lọ sára irin dípò kó gba ẹnu púlọ́ọ̀gì. Ẹ ní kí wọ́n fọ òde, kí wọ́n fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀.

Ẹ má sì rò pé àwa nìkan ni omi ń bá jà. Ní Amẹ́ríkà, níbi tí pikọ́ọ̀pù alágbára pọ̀ sí bí eṣú, Ford F-150 oníẹ́ńjìnnì EcoBoost lítà 3.5 ní irú àìsàn yìí. Tọ́bò ni wọ́n fi ń ti afẹ́fẹ́ wọ ẹ́ńjìnnì náà, afẹ́fẹ́ sì ń gba inú ẹ̀rọ kan tó ń tù ú kí ó tó wọlé. Bí ojú ọjọ́ bá rin, ìrì á máa gbára jọ sínú ẹ̀rọ ìtùfẹ́fẹ́ náà bí omi tí ń gbára jọ sára ìgò tútù. Awakọ̀ á ti rin ọ̀nà jíjìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, bó bá wá tẹ tọ́tù lójijì láti kọjá ẹlòmíràn, omi náà á gbá wọ sílíńdà lẹ́ẹ̀kan náà, agbára á sì lọ níbi tó ti nílò rẹ̀ jù lọ. Ní ọdún 2013, iléeṣẹ́ ìjọba Amẹ́ríkà tí ń rí sí ààbò ojú pópó ṣí ìwádìí lórí ọ̀rọ̀ náà, lórí àwọn ọkọ̀ ọdún 2011 sí 2013. Bí ẹ bá gbé irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù lọ́sàn-án gbígbẹ, kí ni yóò fihàn? Àfi ẹni tó bá kọ ọ́ sílẹ̀ pé ojú ọjọ́ rin, òun ti rìn jìnnà, òun sì ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ tọ́tù ni.

Epo ló kù, òun ni wọ́n sì fi ń mú awakọ̀ jù. Àlẹ̀mọ́ epo tó dí, póńpù tó ti rẹ̀, omi nísàlẹ̀ táńkì, gbogbo wọn lè fa mísifáyà. Ṣùgbọ́n epo búburú kì í fi ibi kan ṣe: ẹ́ńjìnnì tó mu ún, gbogbo sílíńdà ló máa ń dà láàmú, kì í ṣe ẹyọ kan. Ẹ sì rántí oṣù Èrèlé ọdún 2022, nígbà tí àwọn aláṣẹ epo fúnra wọn kéde pé epo bẹntiróò tí mẹ́tánọ́ọ̀lù inú rẹ̀ ju òṣùwọ̀n lọ ti wọ ìlú. Mọ́tò bàjẹ́ káàkiri Èkó. Awakọ̀ tó ra epo rẹ̀ ní ilé epo gidi, tó san owó pípé, tó gba rìsíìtì, epo náà ló rà. Bí wọ́n bá fún un ní kúẹ́rì lóṣù yẹn, ẹjọ́ ta ni? Nítorí náà, ẹ máa pa rìsíìtì epo yín mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ díẹ̀ nípa sikánà, nítorí àwọn kan ti ń bọ ọ́ bí òrìṣà. Láti ọkọ̀ ọdún 1996 ni wọ́n ti sọ ọ́ di dandan ní Amẹ́ríkà kí mọ́tò máa kọ àìsàn rẹ̀ sínú kọ̀ǹpútà lọ́nà kan náà. Bó bá sọ P0300, mísifáyà ń ti ibi kan bọ́ sí òmíràn. Bó bá sọ P0301 dé P0306, nọ́ńbà ìkẹyìn ni sílíńdà. P0304 ń sọ pé sílíńdà 4 ló kọ̀. Kò sọ pé kọ́ìlì 4 ló bàjẹ́. Kóòdù ń júwe ilé tí olè wọ̀, kò júwe olè. Mekáníìkì tó bá rí P0304 tó sáré lọ ra kọ́ìlì, owó onímọ́tò ló ń fi ta tẹ́tẹ́.

Ọ̀ràn kan wà tí mo bójútó fúnra mi. N kò ní dárúkọ iléeṣẹ́, n kò ní dárúkọ awakọ̀. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kó dákẹ́. Hilux V6 onígíà ọ́tò ni, bébà àti ìwé títẹ̀ ló ń kó láti àwọn ilé ìtẹ̀wé Ṣómólú lọ sí Erékùṣù Èkó. Mọ́tò bẹ̀rẹ̀ sí í já. Wọ́n pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Ó lọ fún ọjọ́ mẹ́ta, ó tún bẹ̀rẹ̀. Wọ́n pààrọ̀ póńpù epo. Wọ́n fọ ínjẹ́tọ̀. Ẹnì kan tilẹ̀ dábàá pé kí wọ́n lọ ra odidi ẹ́ńjìnnì tòkunbọ̀ ní Ládiípọ̀, bí ẹni tó gbàgbé pé orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Nígbà tí owó ti ń pọ̀, wọ́n yíjú sí awakọ̀. Kúẹ́rì dé: wọ́n ní ó ta epo gidi, ó da epo ayédèrú sínú táńkì, kí ó wá sọ ìdí tí àwọn kò fi ní yọ owó póńpù àti owó iṣẹ́ kúrò nínú owó oṣù rẹ̀.

Ọkùnrin yìí ti wakọ̀ fún wọn ju ọdún mẹ́wàá lọ. Ó wá bá mi nílé lálẹ́, kò jókòó. Ó ní, "Aṣojú, ṣé mo ti wá di olè báyìí?"

Mo lọ bá máníjà, mo tọrọ ọ̀sẹ̀ méjì. Mo ra ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kan fún awakọ̀, mo fa ìlà sí i, mo ní kí ó máa kọ gbogbo ìgbà tí mọ́tò bá já. Nígbà tí ọ̀sẹ̀ méjì pé, mẹ́sàn-án ló wà nínú ìwé. Ẹ jẹ́ kí a kà á pọ̀. Epo: ilé epo mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, nígbà tí táńkì kún àti nígbà tó ṣẹ́ kù díẹ̀. Ẹ̀sùn epo ti ń mì. Òjò: ọjọ́ méjì péré ni òjò rọ̀. Ooru: èèyàn ìbá sọ pé kọ́ìlì tó gbóná ni, àfi pé lọ́jọ́ kan ní agogo mẹ́fà àárọ̀ kọjá díẹ̀, mọ́tò náà já bó ti ń fa ẹrù jáde ní géètì, nígbà tí ẹ́ńjìnnì kò tíì gbóná rárá. Ẹrù: ẹ̀ẹ̀mẹjọ ni ẹrù kún inú rẹ̀. Ìgbà kẹsàn-án, mọ́tò ṣófo, ṣùgbọ́n inú kòtò kan níhìn-ín ní Ìlàjẹ ló ti ń gùn jáde. Kò sí ọ̀kan nínú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán tí ẹ́ńjìnnì kò fipá fa nǹkan.

Sikánà mú P0304 wá. Mekáníìkì wa gbé kọ́ìlì 4 sórí sílíńdà 2, ó gbé ti 2 wá sórí 4. Bí àìsàn náà bá bá kọ́ìlì lọ, P0302 ló yẹ kó jáde. Awakọ̀ gbé e jáde pẹ̀lú ẹrù. P0304 náà ló jáde. Kọ́ìlì bọ́ nínú ẹ̀sùn láìná kọ́bọ̀. Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀ fún púlọ́ọ̀gì, sílíńdà 4 náà ni. Wọ́n wọn ìfúnpọ̀, kò yàtọ̀ sí ti àwọn yòókù. Ó wá ku ínjẹ́tọ̀ àti wáyà.

Mekáníìkì náà, ọmọdé ni o, kò tíì pé ọgbọ̀n ọdún, ló wá bi wá pé kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí ẹ́ńjìnnì fúnra rẹ̀ nígbà tó bá ń fipá fa nǹkan. Ó ní kí wọ́n fi òkúta ńlá dí táyà níwájú àti lẹ́yìn, kí wọ́n fa hándì-bíréèkì sókè, kí ẹnikẹ́ni má dúró níwájú mọ́tò. Ó ní kí awakọ̀ tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀ ṣinṣin, kí ó fi gíà sí D, kí ó tẹ tọ́tù fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́ta péré. (Ẹ má ṣe é ju bẹ́ẹ̀ lọ, gíábọ́ọ̀sì yín á gbóná.) Ẹ́ńjìnnì náà dìde lápá kan bí ẹni tó fẹ́ bọ́ kúrò níjòókòó, ó sì já lójú gbogbo wa. Sítì ẹ́ńjìnnì apá kan ti jẹ tán. Bí ẹ́ńjìnnì bá ti dìde, á fa okùn wáyà. Orí wáyà kọ́ìlì 4 sì rèé, ike tó ń tì í pa ti kán, òwú ni ẹnì kan fi so ó. Bí wáyà bá fà, irin inú rẹ̀ á yẹ̀ díẹ̀, kọ́ìlì á pàdánù iná. Bí ẹ́ńjìnnì bá padà sílẹ̀, á tún dé. Ìdí nìyí tí ó fi ń dákẹ́ ní wọ́kíṣọ́ọ̀bù: wọ́n ń tẹ tọ́tù rẹ̀ lórí ìdúró, láìsí ẹrù, láìsí gíà.

A kò wádìí ẹni tó so òwú náà. Wọ́kíṣọ́ọ̀bù mẹ́ta ni mọ́tò náà ti wọ̀, mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló gba owó. Orí wáyà tuntun àti sítì ẹ́ńjìnnì ni wọ́n rà. Ní ti kúẹ́rì, lẹ́tà kúkúrú kan dé pé wọ́n ti pa á tì. Wọn kò tọrọ àforíjì, ṣùgbọ́n a kò gbọ́ orúkọ póńpù mọ́.

Bí wọ́n bá tilẹ̀ fẹ́ yọ owó náà, kò rí bẹ́ẹ̀ rọrùn lábẹ́ òfin. Labour Act wa, tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọdún 1971, sọ ọ́ ní apá 5 pé agbanisíṣẹ́ kò gbọdọ̀ yọ owó ìtanràn lára owó iṣẹ́. Bí òṣìṣẹ́ bá mọ̀ọ́mọ̀ ba nǹkan jẹ́, tàbí tó fi àìbìkítà pàdánù rẹ̀, wọ́n lè yọ ìwọ̀n tó mọ níwọ̀n, ṣùgbọ́n àfi bí òṣìṣẹ́ ìjọba tí ń rí sí ọ̀ràn iṣẹ́ bá kọ́kọ́ fọwọ́ sí i nínú ìwé. Ọwọ́ máníjà nìkan kò tó o. Gbogbo owó tí wọ́n bá sì yọ lóṣù kan kò gbọdọ̀ ju ìdá kan nínú mẹ́ta owó oṣù náà lọ. Nítorí náà, ẹni tí wọ́n bá gbé ìwé fún pé kó fọwọ́ sí i kí wọ́n yọ owó rẹ̀, kó má fọwọ́ sí i ní ọ́fíìsì náà. Kó mú un wá fún aṣojú rẹ̀ kọ́kọ́.

Ọ̀rọ̀ kan kù fún àwọn awakọ̀. Bí iná ẹ́ńjìnnì lójú dásíbọ́ọ̀dù bá tàn tó dúró, ẹ lè rọra wakọ̀ dé wọ́kíṣọ́ọ̀bù. Bó bá ń ṣẹ́jú, mísifáyà náà ti pọ̀ débi pé epo tí kò jó ń lọ jó nínú ẹ̀rọ kàtálísítì tó wà ní ojú ọ̀nà èéfín, bí àwọn kan kò bá tíì gé tiyín tà. Ẹ dẹwọ́ lórí tọ́tù, ẹ wá ibi dúró. Bó bá ti bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú kí ẹ tó dé afárá Third Mainland, ẹ má gun afárá. Nǹkan bíi kìlómítà 11.8 ni, ẹ sì mọ bí ó ti rí láti pàdánù agbára láàárín àwọn ọkọ̀ tí ń sáré bọ̀ lẹ́yìn yín. Ẹ tẹ ọ́fíìsì láago, ẹ sọ ibi tí ẹ wà, ẹ kọ agogo tí ẹ pè. Ọ̀gá tó bá bínú pé ẹrù pẹ́, ẹ jẹ́ kó bínú.

Akọ̀wé wa ti fa ìlà sí ìwé náà: ọjọ́ àti agogo, ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ẹrù, òjò tàbí ọ̀gbẹlẹ̀, ẹ́ńjìnnì tutù tàbí ó gbóná, ibi tí a ti ra epo kẹ́yìn, iná dúró tàbí ó ń ṣẹ́jú, ohun tí ẹ ń ṣe gan-an nígbà tó já. Ẹ dúró kí ẹ tó kọ ọ́, ẹ má kọ ọ́ lórí ìrìn. Ẹni tí kò bá lè kọ, kó sọ fún mọ́tòbọ́ì kó bá a kọ. Ogójì ìwé ló wà nílẹ̀, ìgbìmọ̀ ti san owó rẹ̀. Ẹ tò lọ́dọ̀ akọ̀wé kí ẹ gba tiyín kí ẹ tó lọ. Ẹ̀yin mekáníìkì, ẹ ṣì dúró díẹ̀, kí a jọ sọ̀rọ̀ lórí sikánà tí ẹ ní kí ẹ̀ka bá yín béèrè lọ́wọ́ iléeṣẹ́.